Bi Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ: Chip tí kernel kò dá mọ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde. Èmi fúnra mi ni mo to kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe é, Ryzen 5 5600G lórí bọ́ọ̀dù B550. Ubuntu 22.04 ló wà nínú rẹ̀, kernel 5.15 (kernel ni ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ). Tí mo bá ń render lọ́sàn-án, fáànù á máa pariwo, nígbà míì ẹ̀rọ náà á kàn kú láìsọ nǹkan kan. Ẹnì kan ní kí n tẹ `sensors` kí n fi mọ̀ bóyá ooru ni. Ooru CPU yọ, ti NVMe náà yọ, ó parí síbẹ̀. Kò sí fáànù, kò sí volt. Mo wá tẹ `modprobe it87`, ó kọ̀, `dmesg` sì sọ pé `it87: Unsupported chip (DEVID=0x8688)`. Wọ́n ní kí n fi `acpi_enforce_resources=lax` sí ìlà GRUB, kí n sì fi `force_id=0x8628` tì í lẹ́yìn. Mo ṣe é, nọ́ńbà sì tú jáde, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ò jọ òótọ́. Ní báyìí wọ́n ní àfi kí n lẹ patch mọ́ kernel. Ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Kí ni ṣíṣe?

Oní-fídíò, Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn

Àbúrò mi, patch (àtúnṣe sí kóòdù) tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn, ìlà kan ni. Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì kan ṣoṣo, o ò sì ní kọ́ kernel tuntun nítorí rẹ̀. Ohun tó le ni kí o mọ̀ bóyá nọ́ńbà tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo rí, bí `sensors` bá ti ń kọ nǹkan jáde báyìí, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ti parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rí nọ́ńbà kankan ṣì máa ń ṣọ́ra. Ẹni tí nọ́ńbà irọ́ bá wà níwájú rẹ̀ kì í ṣọ́ nǹkan kan mọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí yẹn. Ooru CPU tí o rí, inú CPU fúnra rẹ̀ ló ti wá. Driver (kóòdù tí kernel fi ń bá chip sọ̀rọ̀) tó ń kà á ni k10temp fún AMD, coretemp fún Intel. Ti NVMe, inú NVMe ló ti wá. Ṣùgbọ́n eré tí fáànù ń sá àti volt tó ń ti power supply bọ̀, chip mìíràn ló ń wọ̀n wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní Super I/O. Kíbọ́ọ̀dù, serial port àti floppy ni iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tó yá ni wọ́n kó iṣẹ́ ìwọ̀n mọ́ ọn. Lórí desktop, ti ITE tàbí ti Nuvoton ni èyí tí o máa bá pàdé jù, ará Taiwan làwọn méjèèjì. Lórí Linux, it87 ni driver ti ITE, nct6775 ni ti Nuvoton.

Kí it87 tó lè bá chip sọ̀rọ̀, á lọ sí port 0x2e, á kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí i tẹ̀léra: 0x87, 0x01, 0x55, 0x55. Àwọn ló ń ṣí i. Tó bá ti ṣí, driver á ka register (àyè kékeré inú chip tí nọ́ńbà wà) 0x20 àti 0x21. Tìrẹ dáhùn pé 0x86 àti 0x88, IT8688E nìyẹn. Driver wo àkójọ àwọn chip tó mọ̀, kò bá a níbẹ̀, ló bá yí padà. Kì í ṣe àléébù o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, torí register kan náà lè jẹ́ ti fáànù lórí chip kan kó sì jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá lórí òmíràn. Tí driver bá lọ kọ nǹkan síbi tí kò yẹ, fáànù lè dúró.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ `force_id`. Ohun tó ń sọ fún driver ni pé, ohunkóhun tí chip bá pe ara rẹ̀, máa pè é ní 0x8628. IT8628E àti IT8688E sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó tí ó sì ń bá wọn mu. Àmọ́ lọ tẹ `sudo sensors-detect`, kí o fara balẹ̀ ka ohun tó bá sọ nípa port 0x4e, ibi kejì tí chip ITE lè wà. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀dù B550 tó lo IT8688E ló ní chip kejì níbẹ̀, IT8792E, tó ń pe ara rẹ̀ ní 0x8733. Kernel rẹ mọ IT8792E dáadáa, kò bẹ̀ ọ́ ní ìrànlọ́wọ́ kankan. Ìwọ lo wá fi `force_id` gba orúkọ lọ́wọ́ òun náà, torí pé gbogbo chip ITE tí driver bá rí ni `force_id` máa ń mú, kò mọ èyí tí o ní lọ́kàn.

Wo ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀. IT8628E máa ń ka volt ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, 12 millivolt sì ni ìgbésẹ̀ kan. Ti IT8792E, 10.9 ni. Ká ní ẹsẹ̀ kan lórí chip kejì ń gba 1.20 volt, bí èyí tí RAM DDR4 ń jẹ. Chip á ka ìgbésẹ̀ 110. Driver tó mọ chip náà á sọ ọ́ di 1.20. Driver tí o ti ṣì lọ́nà á fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, 1.32 ló máa kọ síwájú rẹ. Ìwọ á rò pé iná tó ń wọ RAM ti pọ̀ jù, o lè tìtorí ìyẹn wọ BIOS lọ máa dín ohun tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan kù. Mo fura pé ibẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà rẹ tí kò jọ òótọ́ ti wá. Ìdí tí mo fi fara mọ́ patch ju `force_id` lọ nínú ọ̀ràn tìrẹ náà nìyẹn: patch lè mú chip àkọ́kọ́ nìkan, kó fi èkejì sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Yọ `force_id` kúrò ní ibikíbi tí o bá kọ ọ́ sí nínú `/etc/modprobe.d`. Lẹ́yìn náà, wá fáìlì `drivers/hwmon/it87.c` nínú kóòdù kernel tó bá tìrẹ mu. `uname -r` ló máa sọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, má lọ mú ti kernel tuntun jù wá bá 5.15, ó lè má kọ́ rárá. Nínú function tí wọ́n pè ní `it87_find`, `switch` gígùn kan wà tó ń to àwọn chip ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wá ti IT8628E, kí o ṣe é báyìí:

```
	case IT8628E_DEVID:
	case 0x8688:
		sio_data->type = it8628;
		break;
```

Ìlà kejì yẹn nìkan ni tìrẹ. Fi fáìlì náà sínú fódà kan, kọ Makefile tí kò ní ju `obj-m := it87.o` lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rí i pé `build-essential` àti `linux-headers` ti kernel rẹ wà nílẹ̀, kí o tẹ:

```
make -C /lib/modules/$(uname -r)/build M=$PWD modules
sudo rmmod it87
sudo modprobe hwmon-vid
sudo insmod ./it87.ko
```

Tí `rmmod` bá ní kò sí it87 nínú ẹ̀rọ, kò sí wàhálà, máa bá tìrẹ lọ. Má fo `hwmon-vid` o. `insmod` kì í bá ọ wá àwọn module tí tìrẹ gbára lé, ó kàn máa ń ní `Unknown symbol` ni, èèyàn á sì rò pé kóòdù òun ló bàjẹ́. Gbogbo èyí ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, torí module kan la ń kọ́. Ẹni tó bá ní kí o kọ́ odindi kernel ti Ubuntu nítorí ìlà kan, ó fẹ́ kí o jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ ni, tí NEPA bá sì mú iná lọ láàárín rẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ lo máa fi parí rẹ̀.

Tí `insmod` bá ní `Key was rejected by service`, Secure Boot ló wà lójúfò. Kò gba module tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí. O lè pa Secure Boot nínú BIOS, tàbí kí o lo DKMS, ètò tó ń bá èèyàn kọ́ module, tó máa ń bá ọ fọwọ́ sí i lórí Ubuntu lẹ́yìn tí o bá ti forúkọ kọ́kọ́rọ́ rẹ sílẹ̀ pẹ̀lú `mokutil`.

`acpi_enforce_resources=lax` tí wọ́n ní kí o kọ ńkọ́? Wọn ò ṣì ọ́ lọ́nà, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n sọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. BIOS ní kóòdù tirẹ̀, tí à ń pè ní ACPI, kóòdù yìí sì lè máa bá chip kan náà sọ̀rọ̀. Port méjì ni gbogbo ìjíròrò náà ń gbà: o kọ nọ́ńbà register sí ọ̀kan, o ka èsì nínú èkejì. Bí ẹni méjì bá jọ ń lo ìwé kan, tí ọ̀kan ṣí i sí ojú ewé 5, kó tó kà á èkejì lè ti ṣí i sí 9. Èyí tó ṣí 5 á ka ohun tó wà ní 9, kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kernel fi máa ń kọ̀, tí á ní `conflicts with OpRegion`. Tí o bá fi `lax` sí i, o ti ní kó gbójú fò ó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni nǹkan kan ò ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá rí i pé fáànù kan sáré dé 40,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì padà sí 900, o ti mọ ibi tó ti wá. Láti kernel 6.2, it87 ti ní `ignore_resource_conflict=1` tirẹ̀, ìyẹn sì sàn jù, torí driver kan ṣoṣo ló ń tú sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ.

Ó wá ku ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí. Module ti wọlé, `sensors` ti ń kọ `it8628` pẹ̀lú fáànù, volt àti ooru lábẹ́ rẹ̀. Má gba ọ̀kankan gbọ́ títí wàá fi rí ẹlẹ́rìí fún un.

Fáànù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, òun ló rọrùn jù. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà fáànù àpótí kan (má fọwọ́ kan ti CPU), tan án padà, wo èyí tó di 0 nínú fan1 dé fan6. Kọ ọ́ sílẹ̀, dá a padà, yọ òmíràn. Tí fáànù kan bá ń yí lójú rẹ tí kò sì ní nọ́ńbà, kọ́kọ́ wò ó bóyá chip kejì ló ń kà á. Tí kò bá sí níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí driver ti fò ó: driver máa ń ka àwọn register GPIO láti mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún fáànù, ibi tí IT8628E to tirẹ̀ sí lè má jẹ́ ibi tí IT8688E to tirẹ̀ sí. Orúkọ tí a yá chip lò, ìwà rẹ̀ ò bá a mu tán nìyẹn.

Ooru tẹ̀ lé e. Jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi, kọ gbogbo temp sílẹ̀, wá bẹ̀rẹ̀ render. Èyí tó bá fò sókè tẹ̀lé Tctl (ooru CPU) ti k10temp, ti CPU ni. Èyí tó ń rọra gòkè, tí kì í tètè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí render bá parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti VRM (ẹ̀yà bọ́ọ̀dù tó ń pèsè iná fún CPU) tàbí ti chipset. Èyí tó bá dúró gbagidi sórí -55 tàbí 127, kò sí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn rárá. Má tìtorí rẹ̀ lọ ra heatsink.

Volt ló ní ẹ̀tàn jù. Chip yìí ò lè ka ju ìgbésẹ̀ 255 lọ, ìyẹn ni pé kò lè rí ju 3.06 volt. Báwo ló ṣe wá ń ka 12? Àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù fi resistor méjì gé e kù kó tó dé ọ̀dọ̀ chip. Driver ò mọ iye tí àwọn resistor náà jẹ́, torí bọ́ọ̀dù ló ni wọ́n, kì í ṣe chip. Torí náà, ohun tí o máa rí lè jẹ́ `in2: 2.02`. Wọ BIOS, lọ sí ojú ewé PC Health. Tó bá ń sọ 12.1 níbẹ̀, pín in sí 2.02, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 6 géérégé. O lè wá kọ fáìlì kékeré kan sínú `/etc/sensors.d`:

```
chip "it8628-*"
    label in2 "+12V"
    compute in2 @*6, @/6
    ignore temp4
```

Àpẹẹrẹ ni in2, 6 àti temp4 o, má dà wọ́n kọ. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. BIOS nìkan ò sì tó ẹlẹ́rìí, nítorí pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ kankan nígbà tí o wà nínú BIOS. Yá mítà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, wá Molex tí nǹkan kan ò kì bọ̀ lára power supply, fi orí dúdú mítà kan wáyà dúdú, fi orí pupa kan wáyà yẹ́lò. Wáyà yẹ́lò ni 12 volt, pupa ni 5. Kà á nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sinmi, tún kà á nígbà tó bá ń render. Tí mítà àti `sensors` bá jọ ń lọ sókè sódò, ọwọ́ rẹ ti ba òótọ́. Òfin ATX gba 12 volt láyè láti wà láàárín 11.4 sí 12.6. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà jẹ́ ẹlẹ́rìí: driver ti kọ Vbat sí in8 fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kó jìnnà sí 3 volt tí bátìrì náà bá ṣì lágbára. Tí Vbat bá ń sọ nǹkan tí kò jọ bẹ́ẹ̀, tí mítà sì ní bátìrì dára, ìdíwọ̀n 12 millivolt tí a yá lò yẹn gan-an ni kí o fura sí.

Ìkìlọ̀ kan, mo sì fi gbogbo ara sọ ọ́. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ń lo orúkọ àyálò, kíkà nìkan ni kí o máa kà. Má tẹ `pwmconfig`, má tan `fancontrol`, má kọ nọ́ńbà kankan sínú `pwm1_enable`. `pwmconfig` máa ń dá fáànù dúró láti fi dán an wò, tí register kò bá sì rí bí driver ṣe rò, kò sí ẹni tó dá ọ lójú pé fáànù náà á padà yí. Jẹ́ kí BIOS máa bójú tó fáànù bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí o bá ti ṣe patch yìí tán tí o sì ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí Ubuntu bá gbé kernel tuntun wá, module rẹ ò ní bá a lọ. It87 kan wà tí wọ́n ń tọ́jú lẹ́yìn òde kernel. Guenter Roeck, tó ń bójú tó ẹ̀ka hwmon (ti ìwọ̀n ooru, fáànù àti volt) nínú Linux, ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ló ń gbé e lọ báyìí. Ó mọ IT8688E ní orúkọ tirẹ̀, pẹ̀lú tábìlì tirẹ̀, DKMS sì máa ń tún un kọ́ fún ọ ní gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà. O lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kàn gbà á wọlé. Níbi tí ìwé àlàyé chip kò bá sí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ driver, àbá ló ń dá nínú apá kan, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kernel kì í sì í fẹ́ gba àbá. Mi ò bá wọn wí.

Ẹ̀rọ tó ń kú wá ńkọ́? Bóyá ooru CPU kọ́ ni. AMD fún 5600G láyè dé 95 dígírì, tó bá sì ti ń sún mọ́ ibẹ̀, CPU máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Render á falẹ̀ kó tó di pé ẹ̀rọ kú. Èyí tó kú láìfalẹ̀ rárá, power supply tàbí iná tó ń wọ inú rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò, bóyá ínfátà tàbí stabilizer tí o so ó mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ńbà tó sọnù yìí fi ṣe pàtàkì fún ọ. Tó o bá ti rí 12 volt tí o fọkàn tán, kó o tó bẹ̀rẹ̀ render, jẹ́ kí èyí máa lọ nínú tẹ́mínà kan:

```
while sleep 2; do date; sensors; sync; done >> ~/iwon.txt
```

`sync` yẹn kì í jẹ́ kí àkọsílẹ̀ bá iná lọ. Tó bá kú, tan án, ka ìparí fáìlì náà. Tí 12 volt bá ti ń yọ̀ sísàlẹ̀ 11.4 kó tó kú, ra power supply. Tí gbogbo rẹ̀ bá dúró ṣinṣin títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, gbé ẹ̀rọ náà lọ so mọ́ iná ibòmíràn kí o tó náwó kankan.

Ìbéèrè

Ẹlẹ́rọ, ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Àbíkẹ́yìn mi ló fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní Peckham níbí nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Ryzen 7 1800X ni wọ́n kọ sára rẹ̀, Debian ló wà nínú rẹ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n lò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo tẹ `sensors`, ìlà méjì ni mo rí: Tctl 72 dígírì, Tdie 52. CPU kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kernel rẹ̀ ló nílò àtúnṣe ni?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ìdáhùn

Ẹ kú ilé o, mà. Tdie ni kí ẹ gbà gbọ́, 52 ni ooru CPU yín. Kò sí àtúnṣe kankan láti ṣe.

Nígbà tí AMD gbé Ryzen àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2017, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi 20 dígírì lé ohun tí 1800X, 1700X àti 1600X ń sọ nípa ooru wọn. Wọ́n ní kí òfin fáànù kan náà lè bá gbogbo Ryzen mu ni. Nọ́ńbà tí wọ́n fi nǹkan lé yẹn ni Tctl, fáànù ló wà fún. Nínú k10temp, àkójọ kékeré kan wà báyìí tó ní orúkọ àwọn CPU wọ̀nyí àti iye tí a ó yọ: 20 fún ti yín, 10 fún 2700X, 27 fún Threadripper ti ìran kìíní àti ìkejì. Driver á wo orúkọ CPU, á yọ iye rẹ̀, á sì fi èsì hàn bíi Tdie. Ẹni tó bá ń lo Ryzen 7 1700 tí kò ní X, Tctl nìkan ló máa rí, torí kò sí ohun tí a ó yọ níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí àbíkẹ́yìn yín.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ilé-Ifẹ̀, mo ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan kọ́ nípa operating system. Lórí OpenBSD, mo tẹ `sysctl hw.sensors`, fáànù, volt àti ooru jáde láìjẹ́ pé mo ṣe nǹkan kan. Mo gbé FreeBSD sórí ẹ̀rọ kan náà, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣé kò sí ẹni tó lè fi patch kó ti OpenBSD wá síbẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn

Ẹnì kan ṣe é, àbúrò, ó sì ṣe é tán. OpenBSD ti ní `hw.sensors` láti ọdún 2003. Ní ọdún 2007, Constantine Murenin, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìẹ nígbà náà, fi ètò Google Summer of Code kó o lọ sí FreeBSD, pẹ̀lú àwọn driver `it` àti `lm` tó ń ka chip ITE àti ti Winbond. Wọ́n gbà á wọlé ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn. Kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, Poul-Henning Kamp, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ FreeBSD, ló tako bí wọ́n ṣe gbé ètò náà kalẹ̀. Kóòdù náà ṣiṣẹ́ o. Àríyànjiyàn lórí bó ṣe yẹ kí sensor rí nínú kernel ló pa á. DragonFly BSD gbà á, ó sì wà níbẹ̀.

Èmi rò pé FreeBSD pàdánù nǹkan lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wo bí OpenBSD ṣe ṣe tirẹ̀ kí o tó dá ẹjọ́: kíkà nìkan ni. Kò sí ibi tí o ti máa rí ohun tó ń yí eré fáànù padà nínú `hw.sensors`. Èyí ló mú kí wọ́n lè tan driver náà sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ láìbẹ̀rù, tí o fi rí gbogbo rẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Lórí FreeBSD, tẹ `kldload coretemp` tó bá jẹ́ Intel, `kldload amdtemp` tó bá jẹ́ AMD, lẹ́yìn náà `sysctl dev.cpu.0.temperature`. Ooru CPU nìkan lo máa rí níbẹ̀. Tí fáànù àti volt bá ṣe pàtàkì sí ọ, tí o kò sì fẹ́ padà sí OpenBSD, gbé DragonFly sórí ẹ̀rọ náà: `sysctl hw.sensors` kan náà ló ń lò.